Yàrà Ọmọ Ogun Róòmù, Yàrá Ilé Ìyá Mi

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti dárí jì yín ṣáájú. Bí ẹlòmíràn bá sọ fún mi pé òyìnbó kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún dúró sínú òjò fún bíi wákàtí méjì, nítorí pé ọmọ Ìkìrun kan sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i létí, èmi gan-an á ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n Wálé wà níbẹ̀. Wálé kò lè parọ́ kí ètè rẹ̀ má gbọ̀n. Ẹ bi í, kí ẹ máa wo ètè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó lé mi jáde nílé. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń pe ìyá mi ní Ìkìrun. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò yìí, a ti kíra tán, a ti dárúkọ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ, ni Màmá bá gbé ọ̀rọ̀ mìíràn kalẹ̀. Wọ́n ní Bọ́sẹ̀, àbúrò mi obìnrin, ti kó padà wálé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, pálọ̀ sì ni gbogbo wọn ń sùn. Yàrá mi wà níbẹ̀, títì pa. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ni wọ́n ti tì í, ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n gbáko. Bẹ́ẹ̀dì mi wà nínú rẹ̀, ìwé mi wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìṣẹ́tí ìró Màmá.

Wọ́n ní, “Ṣé kí n ṣí yàrá yẹn fún àwọn ọmọ, àbí o ṣì ń bọ̀? Tí a bá tún sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí o fún mi lésì.”

Ẹjọ́ mi ni. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, mo gbé àpótí dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Màmá, mò ń bọ̀.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá ń jáde kì í sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ. Ẹni tí kò fẹ́ padà mọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń bọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Manchester, mò ń bọ̀. Èmi lọ kàwé ọdún mẹ́ta. Ìwé parí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo gbéyàwó, Tọ́lá ọmọ mi dé, páàsípọ́ọ̀tù pupa dé. “Mò ń bọ̀” ṣì wà níbi tí mo gbé e sí, lẹ́nu ọ̀nà ilé wa.

Stretford ni mo ń gbé, ilé oògùn ọsibítù kan ní Wigan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú tíráàmù láti lọ wọ rélùwéè, ní Castlefield, kò jìnnà sí ẹnu odi olókùúta kan tí wọ́n tún kọ́ síbi tí bùdó àwọn ọmọ ogun Róòmù wà láyé àtijọ́. Mo ti ń fojú kí ògiri yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni ń kí aládùúgbò tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó lọ kà nípa wọn. Mo dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n làwọn ọmọ ogun náà ń sìn kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Iye ọdún tèmi gẹ́lẹ́. Mo wá pinnu pé kí n tó dá Màmá lóhùn, n óò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀: nígbà tí àwọn yẹn sìn tán, ǹjẹ́ wọ́n padà sílé?

Wọ́n sọ fún mi pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà ṣiṣẹ́ ní bùdó mìíràn lórí òkè lẹ́bàá Glossop, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé lé lórí, àti pé bàbá kan wà níbẹ̀ tó máa ń mú àlejò káàkiri. Mo pe bàbá náà. Ó ní orúkọ òun ni Mister Kenneth, kí a wá ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo jáde nílé. Oṣù kìíní ọdún ni. Nílé lọ́hùn-ún, ní aago bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ ti gbálẹ̀ tán, ẹni tó ń ta ògì ti kiri dé òpópónà kejì. Níhìn-ín, oòrùn ṣì ń ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Yìnyín wẹ́wẹ́ bo gíláàsì gbogbo mọ́tò àdúgbò, aládùúgbò mi kan sì ń fi káàdì ha tirẹ̀. Mo kí i, ó mi orí sí mi. Nínú tíráàmù, kò sẹ́ni tó ń gbowó: o fi káàdì kan ẹ̀rọ kan ní ibùdókọ̀, yóò ké kíún, ó parí. Kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, kí a tó dé ibùdó kejì, n bá ti mọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín dírẹ́bà àti àna rẹ̀.

Wálé ti ń dúró dè mí ní Castlefield. Ọmọ Ẹdẹ ni, a jọ ṣe ilé ìwé gíga, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún péré ló ti dé ìlú yìí. Salford ló ń gbé, ẹnjiníà ojú ọ̀nà ni. Ó wọ kóòtù méjì lérí ara wọn, ó gbé báàgì tó kún fún mọ́ínmọ́ín.

Ó ní, “Bàbá Tọ́lá, o pẹ́. Àwọn ọmọ ogun rẹ ti jí, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti gba ìlú kan.”

Mo mú un lọ síwájú ẹnu odi náà. Afárá rélùwéè wà lókè, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí rẹ̀, ògiri Róòmù wà nísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbi ìgbéyàwó. Mo ṣe olùkọ́ fún Wálé. Mo ní àwọn ará Róòmù fúnra wọn kò pọ̀ tó ayé tí wọ́n fẹ́ jọba lé lórí. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́gun ìlú kan, wọn á ṣa àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀, wọn á dì wọ́n ní ẹgbẹ́ tó tó bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn, wọn á fi orúkọ ìran wọn pe ẹgbẹ́ náà, wọn á sì kó wọn lọ síbi tó jìnnà sílé. Ọmọ ogun àrànṣe ni wọ́n ń pè wọ́n. Èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta ní Manchester ni Ẹgbẹ́ Kìíní ti àwọn Frisiavones. Etí òkun ni ilẹ̀ wọn wà, níbi tí a ń pè ní Netherlands lónìí, ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ olómi.

Wálé ní, “Àwọn ta? Fíríìjì àti fóònù?”

Láti ìgbà náà, Fíríìjì-àti-Fóònù ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún un pé lẹ́yìn ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n, ọba Róòmù á sọ ẹni tó bá kù láàyè di ọmọ onílùú, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ̀rí lọ́wọ́, wọn á gbẹ́ ẹ fún un sórí idẹ pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi wáyà dè pọ̀. Wálé ronú sí i. Ó ní páàsípọ́ọ̀tù onídẹ nìyẹn, bí èèyàn bá fi sápò, ṣòkòtò á bọ́ sílẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́ ibodè. Mo ní ó ṣáà dára ju tiwa lọ, kò sẹ́ni tó fi ìdánwò bi wọ́n ní orúkọ ìyàwó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ọba òyìnbó àtijọ́ kan fẹ́ kí wọ́n tó fún wọn.

A wọ rélùwéè ní Piccadilly, a ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀. Ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan tí obìnrin kan fi ẹsẹ̀ kọ báàgì ara rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Wálé fò dìde, ó ní, “Sorry, sorry.” Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní kí ló ń tọrọ àforíjì fún, ṣebí kì í ṣe Wálé ló ti òun. Wálé jókòó padà, ojú tì í.

Ẹ̀yin mọ ohun tó fẹ́ sọ. Pẹ̀lẹ́ ló fẹ́ kí i, òyìnbó kò sì ní pẹ̀lẹ́. Èmi ò ṣàánú rẹ̀ rárá. Mo ní, “Wálé, Yorùbá lo wọ kóòtù fún, o wá ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì.” Mo rán an létí ọjọ́ tó ní kí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ jọ̀ọ́ bá òun “off” iná. Mo ní èmi ní tèmi, ó ti pẹ́ tí ahọ́n mi ti tò, kò sí Yorùbá kankan tó lè yọ́ gba ẹnu mi jáde láìgbàṣẹ. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, a máa padà wá gbà á.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lójú ọ̀nà. Kété tí a kọjá Hattersley, ilé tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òkè bẹ̀rẹ̀. Ní Broadbottom, afárá gíga kan gbé wa sọdá odò, mo bojú wolẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga rẹ̀ ló fa ojú mi mọ́ra. Àwọn òkè yẹn ni. Manchester tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ìjẹun, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo gbàgbé pé ọmọ ìsàlẹ̀ òkè ni mí. Ní Ìkìrun, bí o bá ṣí fèrèsé yàrá mi, òkè ni wàá kọ́kọ́ rí kí o tó rí èèyàn. Mo ronú kan àwọn Frisiavones. Ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n, òkè ni wọ́n gbé wọn lọ. Èmi ọmọ òkè, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni mo gbé ara mi lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí fèrèsé rẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Dinting. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn, ojú títì tó dán, kò sí kòtò kan tí ẹnjiníà Wálé lè bú. A kọjá láàárín àwọn ilé oníbíríkì àdúgbò Gamesley, ọ̀nà kékeré kan yà sínú pápá, Mister Kenneth sì dúró lẹ́nu rẹ̀. Bàbá tín-ínrín, fìlà àwọ̀ eérú, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ kan, báàgì lẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kanlẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú mi, ó bi mí bóyá nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Ó ní ká máa bọ̀, ó pè wá ní “lads”. Ọmọdékùnrin ni wọ́n ń lò ó fún lápá ibí yìí, bí irun orí ẹni tilẹ̀ ti funfun. Èmi tí mo ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, inú mi dùn dé góńgó.

Melandra Castle lorúkọ ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín, kò sí ààfin kankan. Koríko ni, àti òkìtì gígùn tó yí pápá ká ní igun mẹ́rin, níbi tí odi wà tẹ́lẹ̀. Nísàlẹ̀ òkìtì yẹn ni wọ́n wa yàrà sí. Wálé dúró sí bèbè rẹ̀, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó kọjú sí mi.

“Bàbá Tọ́lá, yàrá ni ìyá rẹ ń bi ọ́, yàrà lo wá wò.”

Ẹ̀rín pa mí. Mister Kenneth ní kí a sọ èyí tó dùn yẹn fún òun. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ méjì ni, lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Bí o bá gbé ohùn sókè níparí, ibi tí èèyàn ń sùn ni. Bí o bá jẹ́ kó wálẹ̀, kòtò tí a wà yí odi ìlú ká nítorí ogun ni, irú èyí tó wà nílẹ̀ wa náà kí òyìnbó tó dé. Bàbá gbìyànjú. Ó ní yàrà, ó ní yàrà. Wálé ní, “Ẹ má ṣèyọnu sà, ẹ kàn ti sùn sínú kòtò ni.”

Ó mú wa yí gbogbo rẹ̀ ká. Ó fi ibi tí ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà hàn wá, àti ibi tí ilé ọ̀gágun wà, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí koríko bí ẹni pé ògiri ṣì dúró. Ó wá fa ìwé gígùn kan yọ nínú báàgì. Ó ti fi ìwé náà bo ojú òkúta nílé tí wọ́n kó o pamọ́ sí, ó fi ẹfun dúdú ra á, lẹ́tà rẹ̀ sì jáde. Orúkọ olórí ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun kan ló wà níbẹ̀, àti orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ó ní àwọn òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní Manchester náà, òmíràn sì sọ iye ẹsẹ̀ bàtà odi tí wọ́n mọ, ogún ó lé díẹ̀. Mo ní ọ̀wẹ̀ nìyí. Bí ìlú bá ń la ọ̀nà nílé, agboolé kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀, wọn á sàmì síbi tó parí sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé àwọn ará ilé lágbájá ń sùn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ.

Wálé fún un ní mọ́ínmọ́ín méjì tí wọ́n fi bébà fàdákà dì. Ó yí i wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun á jẹ ẹ́ pẹ̀lú “brew”. Tíì nìyẹn, ẹ̀yin ará ilé. Níbí, wọn kì í sọ pé kí o wá mu tíì, “brew” ni wọ́n ń pè ọ́ sí. Ó ní bí a bá ń padà lọ, kí a yà sọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin tó ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Glossop.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú. Mo rí i pé bí n kò bá béèrè nísinsìnyí, n kò ní béèrè mọ́. Mo ní, “Sà, àwọn tó sin ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n tán, ṣé wọ́n padà sílé?”

Ó ní àwọn kan lọ, bóyá. Ọ̀pọ̀ ti fẹ́ obìnrin ibí, wọ́n ti bímọ síbí, ilé wọn ti dé ẹnu odi. Ó ní ìgbà tó yá, òkun gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àwọn tó lọ, lad, wọn kò kọ lẹ́tà sí wa pé àwọn dé.”

Ẹ má bi mí ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wọ̀ mí lára. Mo ṣáà mọ̀ pé ojú mi ń gbóná, n kò sì fẹ́ kí Wálé rí i, nítorí yóò lò ó títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo bọ bàbá náà lọ́wọ́. Mo ní, “Thank you, sir. I'm coming.” Mo yí padà, mo fa Wálé lápá, a gba ojú ọ̀nà lọ. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ní kò burú. Bí a ṣe débi títì ni bọ́ọ̀sì dé, a wọ̀ ọ́.

Ilé oúnjẹ náà móoru, gíláàsì rẹ̀ ti làágùn. Pọ́n-ùn mẹ́rin ni wọ́n ń ta ife tíì ńlá kan àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín há láàárín. A jẹ ẹ́, a tún ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Òjò ti dé, a ń fi ojú fèrèsé wò ó, a ń sọ̀rọ̀ ilé. Ó ti tó wákàtí méjì tí a kúrò lórí òkè kí fóònù obìnrin tó ni ibẹ̀ tó dún. Ó sọ̀rọ̀ lọ, ó wò wá, ó bọ́ sọ́dọ̀ wa. Ó ní ṣé àwa kọ́ ni àlejò bàbá òun láàárọ̀. A ní àwa ni.

Ó ní, “Ó ṣì wà lórí òkè yẹn. Mo ní kó wálé, ó kọ̀. Ó ní àwọn àlejò òun sọ pé àwọn ń bọ̀.”

Wálé gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò mí. Ètè rẹ̀ kò gbọ̀n.

Obìnrin náà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa padà. Kò bá wa jà, ó kàn ń wa ọkọ̀ kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sáré wọ pápá, mo sì rí bàbá náà lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan létí yàrà. Omi ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Ó ti to ife mẹ́ta sórí òkúta, ó gbá fìláàsì tíì mọ́ra. Mọ́ínmọ́ín méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú bébà, kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé “ó” ni mo ti ń pe bàbá yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n láti ibi tí a dé yìí lọ, “wọ́n” ni.

Wọ́n ní, “Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀.”

Wọn kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Wọ́n sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣàlàyé ìdí tó fi gbé agboòrùn. Wọ́n ní àwọn rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la sáré lọ, tàbí pé a gbàgbé nǹkan. Mo dọ̀bálẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, lọ́tẹ̀ yìí wọn kò bi mí bóyá nǹkan jábọ́. Mo ṣàlàyé. Mo ní nílé wa, ẹni tó bá ń lọ ni ó máa ń sọ pé òun ń bọ̀, nítorí kò dára kí èèyàn sọ fún ẹni tó fẹ́ràn pé òun ń lọ.

Wọ́n rò ó. Wọ́n ní, “Nígbà náà, bí ẹ bá sọ pé ẹ̀ ń bọ̀, ẹ ti lọ nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun mọ̀?”

Mo fẹ́ sọ pé ó mọ̀. Mo ti la ẹnu. Bó bá jẹ́ wákàtí kan, tàbí ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo Yorùbá ló mọ̀. Ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ìṣẹ́tí ìró, n kò mọ̀ bóyá Màmá mọ̀.

Wọ́n da tíì sínú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Wọ́n ní ká mu brew wa kí a sì bá àwọn jẹ nǹkan olóòórùn dídùn yìí, nítorí wọn kò fẹ́ dá a jẹ. A jẹ mọ́ínmọ́ín nínú òjò, àwa mẹ́ta, létí yàrà àwọn ọmọ ogun Frisiavones, ọmọ wọn obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ó ń wò wá bí ẹni ń wo wèrè. Ó gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó padà pè mí nírọ̀lẹ́ pé ara wọn le koko, wọ́n sì ń béèrè bí wọ́n ṣe ń se mọ́ínmọ́ín.

Nínú rélùwéè àbọ̀, Wálé ń wo ìta lójú fèrèsé títí a fi kọjá Guide Bridge. Mo ti ń rò pé ó dárí jì mí. Ó wá tún kóòtù òkè rẹ̀ ṣe, ó ní, “Ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló wọ kóòtù fún Yorùbá lónìí?” Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Piccadilly. Ó lọ sí ìpàdé akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì ti pẹ́, ó ní èmi lòun á dárúkọ fún olórí akọrin pé ó fà á.

Èmi wọ tíráàmù mi, mo dé ilé kí aago márùn-ún tó lù, òkùnkùn sì ti ṣú padà. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé bọ̀ láti òkè yẹn. Àwọn Frisiavones kò kọ “a ń bọ̀” sára òkúta kankan. Ohun tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n kọ: odi, ẹsẹ̀ bàtà báyìí, àwa la mọ ọ́n, ó parí síbí. Ẹni tó bá ka òkúta yẹn kò ní dúró sínú òjò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe Màmá. Mo kí wọn, n kò jẹ́ kí a dé orí ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Mo ní, “Màmá, ẹ ṣí yàrá náà fún àwọn ọmọ Bọ́sẹ̀. Màá wá lọ́dún Àjíǹde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màá lò, màá sì padà síbí. Bí mo ṣe lè ṣe é nìyẹn, Màmá. N kò ní dé yàrá yẹn mọ́ láti gbé ibẹ̀.”

Mo gbọ́ àkùkọ kan lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní, “Mò ń bọ̀, má pa fóònù.”

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé fóònù lé orí tábìlì. Mo gbọ́ bàtà wọn lórí símẹ́ńtì, ṣà, ṣà, ṣà, tó ń jìnnà lọ. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń jìjàkadì pẹ̀lú ihò rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn mi ké, igbe rẹ̀ àtijọ́ gan-an, n bá dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ilẹ̀kùn. Màmá ní kí Bọ́sẹ̀ mú ìgbálẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ sáré kọjá. Ẹnì kan ṣí fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ béèrè ẹni tó ni ìwé wọ̀nyí.

Mo gbọ́ ohùn Màmá láti òkèèrè. “Ti ẹ̀gbọ́n ìyá yín ni. Ẹ má fà á ya, ó ń bọ̀ lọ́dún Àjíǹde.”

Tọ́lá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ilé, ó ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní ìyá mi ni. Ó fetí sí i díẹ̀, ó ní, “Dádì, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan níbẹ̀.”

Mo ní, “Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.” Mo fa àga sún mọ́ fèrèsé, mo jókòó, mo ń dúró dè wọ́n.